Ẹ̀yin kọ́pà, ẹ ka omi ìlú kẹ́ ẹ tó lọ: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é pẹ̀lú fóònù ọwọ́ yín

Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tún kun ráńdábáòtù mọ́. Mo mọ̀ pé ó yá, ẹ ó dáwó jọ, ẹ ó ra ọ̀dà funfun àti aláwọ̀ ewé, ẹ ó kọ orúkọ báàṣì yín gàdàgbà sára ẹ̀, ẹ ó ya fọ́tò, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé CDS yín (iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí kọ́pà ń ṣe), ó parí. Òjò mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ọ̀dà á ti máa ṣí. Èmi náà kun tèmi o, mi ò ní parọ́. Láti 1973 tí wọ́n ti dá NYSC sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ọmọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìlú tí wọn ò bí wọn sí, àmọ́ ọmọ tòní yàtọ̀ torí kọ̀ǹpútà kékeré ló ń gbé sápò kiri, púpọ̀ nínú wọn mọ Excel dáadáa, síbẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà la ṣì ń fi lé wọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe lónìí ni kíka omi. Ká mọ gbogbo ibi tí èèyàn ti ń pọnmi nínú ìlú kékeré kan, èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tí kò ṣiṣẹ́, ohun tó ṣe é, ká wá gbé e lọ bá ẹni tó lè tún un ṣe. Ìlú kékeré kan l'Ókè-Ògùn ni mo ti ṣe tèmi, níbi tó jẹ́ pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé dáadáa, kẹ́ẹ̀gì á ti tò bíi sójà níwájú pọ́ǹpù kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe kọ́pà, kò sí wàhálà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣe é, àwọn ọmọ alásàlátù lè ṣe é, CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè) àdúgbò yín lè ṣe é, àní ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ bóhóòlù tuntun fún ìlú yín, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka èyí tó wà nílẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀. Ẹ má rò pé kàkí tẹ́ ẹ wọ̀ tó. Ẹ wá ẹni tí wọ́n mọ̀ nílùú kó mú yín lọ, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa. Àṣìṣe tèmi rèé: mo ní "Bàbá, mo wá kó dátà." Bàbá wo ojú mi, wọ́n wo ẹni tó mú mi wá, wọ́n ní, "Dátà táwọn ọmọ yìí ń rà sórí fóònù un? Àwa la tún máa fún ọ?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní rárá o Bàbá, mo wá ka omi ìlú ni. Wọ́n ní ó dáa, "ṣùgbọ́n ọmọ mi, ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa wá kọ nǹkan sílẹ̀ níbí, wọ́n ti kọ orúkọ wa títí, ibo ni ìwé yẹn wà?" Mi ò ní èsì. Mo kàn ṣèlérí pé tèmi máa padà wá, èmi fúnra mi ni máa gbé e wá. Ẹ̀yin náà ẹ má tíì fi fóònù tẹ nǹkan kan kẹ́ ẹ tó ṣe irú ìlérí yẹn, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ sí i. Ẹ má pè é ní "ìkànìyàn" o, wọ́n á rò pé owó orí ni àbí ọ̀rọ̀ ìbò.

Lẹ́yìn baálẹ̀, ẹ lọ bá ìyálọ́jà àti àwọn tó ń ta omi nínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tí ará Èkó ń pè ní mẹ́rúwà. Àwọn èèyàn máa ń fo àwọn wọ̀nyí, àwọn gan-an ló sì mọ kànga tó kọ́kọ́ ń gbẹ àti pọ́ǹpù tó ń yọ omi aláwọ̀ ìpẹtà. Wọ́n lè fura sí yín torí wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ ba ọjà wọn jẹ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn dáadáa.

Ìbéèrè ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó kéré. Èmi kọ́kọ́ kọ ìbéèrè 46, iye ọmọ, irú ilé, iye tó ń wọlé lóṣù, gbogbo ẹ̀. Ìyá kan tí mo dúró tì nídìí ìkòkò ọ̀sán, nígbà tó di bí ìbéèrè ogún ó gbójú sókè ó ní, "Bọ̀dá kọ́pà, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ mi ni?" Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gé e di 11. Ohun tó yẹ kó kù nìyí: irú omi wo ni (kànga, pọ́ǹpù tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, bóhóòlù oníná, bóhóòlù onísólà, odò), ṣé omi ń jáde lónìí, tí ò bá jáde láti ìgbà wo, kí ló bàjẹ́, ta ló gbẹ́ ẹ, ta ló ń tọ́jú ẹ, èló ni kẹ́ẹ̀gì kan, ṣé ó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ilé wo ló ń lò ó. Fọ́tò àti GPS (ibi tó wà gan-an lórí máàpù) ló kù. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé omi yìí dáa?" torí ẹni kan á ní ó dáa torí ó mọ́ lójú, ẹlòmíì á ní kò dáa torí ó jìnnà, ìdáhùn méjèèjì ò wúlò fún nǹkan kan.

Èyí tó máa ń le jù ni "láti ìgbà wo". Kò sẹ́ni tó máa sọ déètì fún yín. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ka àkókò: ṣé kí iléyá tó kọjá tó dé ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? Ṣé ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n sẹ́yìn yìí ti ń rìn nígbà yẹn? Ṣé iṣu tuntun ti jáde? Àwọn mẹ́ta tó jókòó á bá ara wọn jiyàn díẹ̀, nígbà tó bá yá ẹnu wọn á kò, ẹ̀yin á wá kọ oṣù tó sún mọ́ ọn jù.

Ó wá kan fóònù. KoboToolbox ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó ṣí àkáǹtì lórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù yín síbẹ̀, ẹ ó wá gbé áàpù KoboCollect sórí Android gbogbo àwọn tó máa bá yín ṣe é. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tẹ́ ẹ bá wà lóko, ó máa tọ́jú gbogbo ẹ̀ sínú fóònù, tẹ́ ẹ bá wá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ẹ ó fi ránṣẹ́. Ìdáhùn tẹ́ ẹ bá mọ̀ ṣáájú, ẹ tò ó sílẹ̀ kí èèyàn kàn mú ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó rí "borehole", "bohol", "borhole" àti "bore hole" nínú ìwé kan náà, Excel á sì kà á sí nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè "kí ló bàjẹ́", ẹ ṣe é kó jẹ́ pé àyàfi tí wọ́n bá ti dáhùn pé omi ò jáde ló máa yọjú. Kẹ́ ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù ní Yorùbá jọ̀ọ́, kì í ṣe kí ọmọ máa dúró níwájú ìyá àgbà kó máa túmọ̀ "functionality" lọ́kàn ara ẹ̀.

GPS yìí ní ọgbọ́n tiẹ̀. Fóònù á máa sọ iye mítà tó fi lè ṣìnà. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan nítorí oòrùn, ó ń sọ 38, mo ní kò burú mo tẹ̀ ẹ́, nígbà tí mo wò ó lórí máàpù, pọ́ǹpù ti bọ́ sínú yàrá ẹnìkan. Ẹ jáde sínú oòrùn, ẹ dúró ti pọ́ǹpù gan-an, kó wálẹ̀ dé 5 kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni, kò pa èèyàn.

Wàhálà kejì ni orúkọ. Mo rán ọmọ méjì jáde, ọ̀kan mú "bóhóòlù ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí" bọ̀, èkejì mú "bóhóòlù Alájì" bọ̀, inú mi dùn, àṣé nǹkan kan náà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan gba iwájú débẹ̀ èkejì gba ẹ̀yìn. Láti ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀kì. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kà, ẹ kọ nọ́ńbà sára ẹ̀, ẹ ya nọ́ńbà yẹn pọ̀ mọ́ fọ́tò. Ẹ tún máa kọ gbogbo orúkọ táwọn aráàlú ń pè é sílẹ̀, torí lẹ́tà tẹ́ ẹ máa kọ lẹ́yìn ọ̀la, orúkọ yẹn ni wọ́n á fi dá a mọ̀.

Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 dání. Ẹ gbé e sábẹ́ pọ́ǹpù, ẹ tẹ aago fóònù yín, ẹ wo ìṣẹ́jú tó gbà kó tó kún. Ohun kékeré yìí ló wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú méjì, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 30 ní wákàtí kan, lítà 750. Ká ní wákàtí 6 ni wọ́n fi ń pọn ọ́n lójúmọ́ kí omi ìsàlẹ̀ tó lọ, lítà 4,500 nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé 600 èèyàn ló gbójú lé e, lítà méje àti ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, mímu, dídáná, ìwẹ̀, àlùwàlá, gbogbo ẹ̀. Ìlànà Sphere táwọn tó ń ṣètọ́jú àgọ́ ogun-lé-mi-dé ń lò sọ pé ó kéré tán lítà 15 ló yẹ kó kan èèyàn kan lóòjọ́, ẹni tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún o. Ìlànà yẹn kan náà ní pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ kan kò yẹ kó ju ti 500 èèyàn lọ, àti pé èèyàn kò yẹ kó tò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣirò báyìí síwájú káńsẹ́lọ̀, kò ní lè sọ fún yín pé "ẹ ṣáà ní bóhóòlù níbẹ̀ yẹn."

Ẹ wo bí pọ́ǹpù ṣe bàjẹ́ dáadáa tàbí kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ India Mark II tó wọ́pọ̀ láwọn ìlú wa, ohun tó sábà ń ṣe é ni rọ́bà inú ẹ̀ tó ti jẹ, ṣéènì ọwọ́ ẹ̀ tó já, tàbí páìpù ìsàlẹ̀ tó ti dípẹtà. Tó bá jẹ́ bóhóòlù oníná, ẹ bèèrè bóyá súmò (pọ́ǹpù tó wà nísàlẹ̀ bóhóòlù) ló jóná, àbí jẹnẹrétọ̀, àbí owó epo ni kò sí lásán. Rọ́bà àti súmò kì í ṣe owó kan náà rárá. Ohun tí inú ń bí mi sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé olóṣèlú á wá gbẹ́ tuntun, á lẹ fọ́tò ara ẹ̀ mọ́ táǹkì, ti àtijọ́ tí ṣéènì kan péré ń bá jà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ á máa so mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá ti kó gbogbo ẹ̀ wálé, ẹ gbé e sínú Google Sheets, ẹ dá ẹ̀dà ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò sí ohun àràǹbarà tẹ́ ẹ máa ṣe. COUNTIF kan láti ka èyí tó ń ṣiṣẹ́, pivot table kan (tábìlì tó ń ka nǹkan jọ fún yín) láti fi àdúgbò dojú kọ irú ìbàjẹ́, ó tán. Ká ní ẹ ka ogún, mọ́kànlá ò ṣiṣẹ́, mẹ́fà nínú mọ́kànlá yẹn wá jẹ́ rọ́bà àti ṣéènì, ìròyìn yín ti jáde nìyẹn, ẹ má kọ ìwé ojú ewé ogójì.

Máàpù, ẹ lè kó ìwé yẹn sínú Google My Maps kó gbé e jáde fún yín. Ó lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ní 1854 ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́lẹ́rà ń pa wọ́n ní Soho, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow tọpa àwọn tó kú dé pọ́ǹpù Broad Street, wọ́n sì yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà kúrò, lẹ́yìn náà ló fàmì sórí máàpù fún ilé tí wọ́n ti kú, àmì yẹn sì ṣù jọ yí pọ́ǹpù náà ká. Yíǹkì àti ìwé lásán ló fi ṣe é. Tiyín ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá o, baálẹ̀ ò ní láptọ́ọ̀pù. Kẹ́ ẹ má sì ṣe bíi tèmi tí mo fi àwọ̀ ewé ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́, mo fi pupa ṣe èyí tó ti kú, ó rẹwà lójú fóònù, mo wá lọ ṣe fótókọ́pì ogún, gbogbo ẹ̀ di dúdú bákan náà. Òdo fún èyí tó ń yọmi, X fún èyí tí kò yọ ọ́. Fótókọ́pì ò lè ba ìyẹn jẹ́.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ewu. Ní Mákòkó l'Ékòó, àjọ Code for Africa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní bí wọ́n ṣe ń fi dróònù ya máàpù tiwọn ní 2019, torí àdúgbò ńlá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí máàpù kankan, iṣẹ́ tó dáa ni. Àmọ́ Mákòkó kan náà yìí ni ìjọba ti wó àwọn ilé kan níbẹ̀ ní 2012. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lérí pé àwọn máa lé ará àdúgbò kúrò lẹ fẹ́ kà, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ta ló lè fi máàpù yìí lé yín? Tí wọ́n bá ní kó má jáde, kó má jáde. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù onílé ò pọn dandan nínú iṣẹ́ kíka omi, òfin ààbò dátà 2023 sì wà nílẹ̀ o. Fọ́tò pọ́ǹpù lẹ fẹ́, ẹ má ya ojú àwọn ọmọdé tó ń pọnmi mọ́ ọn.

Ẹ wá padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ bi ní ìbéèrè. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ yín nígbà yẹn, PPA (ibi iṣẹ́ tí NYSC fi yín sí) ń pè yín, àmọ́ ibí yìí gan-an ni púpọ̀ nínú wa ti ń sá lọ. Mo gbé máàpù kọ́ sára ògiri ààfin, mo ń kà á fún wọn, àwọn bàbá ń mi orí, wọ́n ní ó pé, ó pé. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní kò pé o, "kànga Ìyá Ẹlẹ́kọ dà?" Mo wò ó, kò sí níbẹ̀, lóòótọ́ a fo gbogbo ọ̀nà yẹn. Mo rí i pé àwọn tí kì í pọnmi ló ti ń dáhùn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bá àwọn obìnrin jókòó lọ́tọ̀ nílé ìyálọ́jà, kànga méjì míì tún jáde, wọ́n sì tún èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe tò: èmi ti rò pé èyí tó wà lọ́jà ni, wọ́n ní rárá, èyí tó wà nítòsí ibi ìgbẹ̀bí ni.

Lẹ́tà sí kánsù, ojú ewé kan. Ohun tó bàjẹ́, ibi tó wà, iye èèyàn tó ń lò ó, iye tí oníṣẹ́ ní òun máa fi tún un ṣe. Máàpù lẹ́yìn ẹ̀, fọ́tò lẹ́yìn ẹ̀. Kí baálẹ̀, ìyálọ́jà àti alága CDA fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ̀yin máa lọ. Tí ìlú bá ti ní ìgbìmọ̀ omi tí wọ́n ń pè ní WASHCOM, kí orúkọ wọn wà níbẹ̀, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi yín ni pé ta ló máa tọ́jú ẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí RUWASSA, àjọ omi ìgbèríko ìpínlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ mú ẹ̀dà méjì dé ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí wọ́n dá a padà fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ́fíìsì ìjọba mọ ìdí. Lọ́fíìsì kan tí mo gbé tèmi lọ, ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, mo padà lọ, ọ̀gá wà ní mítìn-ín, mo tún lọ, wọ́n ní lẹ́tà wo? Mo fa òǹtẹ̀ wọn yọ. Ohùn akọ̀wé yí padà, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n tiẹ̀ fún mi ní píọ̀ wọ́tà.

Tí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, òfin FOI ti 2011 (òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba) gbà yín láàyè láti kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún omi àti ibi tó bá lọ, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé ti Àbújá lòfin yẹn, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti yanjú ìyẹn ní 2025. Ẹ tún wo bájẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀, bóhóòlù táwọn aṣòfin ń fi síbẹ̀ máa ń ní orúkọ ìlú, BudgIT, àjọ tó ń ṣọ́ owó ìjọba, ní Tracka tí wọ́n ti ń tọpa irú ẹ̀ láti 2014. Tí orúkọ ìlú yín bá wà níbẹ̀ tí GPS yín ò sì rí nǹkan kan, ẹ kàn sí wọn, ẹ má fi ọwọ́ ara yín pe ẹnikẹ́ni lólè.

Tèmi, mi ò ní fọ́nnu. Wọ́n rán oníṣẹ́ wá tún méjì ṣe. Méjì míì, nígbà tí ìlú gbọ́ pé rọ́bà lásán ni, wọ́n dáwó ẹ̀ fúnra wọn nípàdé. Àwọn tó kù wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi kúrò.

Kí n tó kúrò, mo kó pásíwọ́ọ̀dù Kobo fún ọmọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, torí mo ti kíyè sí i pé òun ló máa ń yọjú síbi tí pọ́ǹpù bá ti bàjẹ́, wọn ò tiẹ̀ pè é. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kọ́ ọ. Ó ṣì máa ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó kẹ́yìn nìyí: "Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, tẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí tún ti dákẹ́ o, ṣéènì ló já, a ti rán ẹni lọ sí Ṣakí lọ rà á. Mo ti fi X sí i, tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ mo máa yí i padà."